Ọmọ Ọdún Mẹ́wàá Tó Dà Bí Ìyá Àgbà, àti Ìpara Tó Wà Lórí Àtẹ Wa

Ọ̀rọ̀ kan jáde níbi ìpàdé wa tó kọjá tó pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò rẹ́rìn-ín rárá. Ọ̀kan nínú àwọn alátà wa, ẹni ọdún 43, lọ mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ nílé ìwé. Tíṣà tuntun tó wà lẹ́nu géètì kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ káàsán mà. Ṣé màmá rẹ̀ ò ráyè wá lónìí ni?" Arábìnrin náà ò fèsì. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó gba ilé lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kó tó pàtẹ ata rárá, ìlà àwọn onípara ló kọ́kọ́ yà sí.

Ìyẹn ló mú kí àwa tí à ń kọ ìwé yìí lọ ṣe ìwádìí. Ìbéèrè wa ò ju ẹyọ kan lọ: kí ló ń mú awọ ara gbó kó tó tó àkókò rẹ̀? A rò pé ọ̀rọ̀ oòrùn àti ọṣẹ nìkan la máa bá bọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé wa dé, a ò ronú kàn án. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ló gbé wa lọ, àwọn ọmọ tó ń darúgbó kí wọ́n tó bàlágà. Ara wọn ni àwọn onímọ̀ ti rí ohun púpọ̀ nípa ogbó ti gbogbo wa.

Progeria ni wọ́n ń pe àrùn náà. Jonathan Hutchinson, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1886. Dókítà mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hastings Gilford, tún kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1897, òun náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1904. Bí wọ́n bá bí ọmọ náà, kò ní í sí ohun tó ṣe é lójú ẹnikẹ́ni. Kó tó pé ọdún 2, ẹ ó rí i pé kò ga mọ́, kò sì sanra. Irun orí rẹ̀ á re dànù, irun ojú náà á tẹ̀ lé e. Ọ̀rá abẹ́ awọ á gbẹ, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan á yọ síta lórí rẹ̀, oríkèé ara á le bíi ti arúgbó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí rẹ̀ pé pérépéré bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń kàwé, ó ń ṣeré, ó ń ṣàwàdà. Ohun tó ń pa wọ́n ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, àìsàn tí àwa mọ̀ mọ́ àwọn bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún. Láìsí ìtọ́jú, nǹkan bí ọdún 14 àti ààbọ̀ ni wọ́n ń lò láyé. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n o. Nínú mílíọ̀nù 4 ọmọ tí wọ́n bá bí, ó lè jẹ́ ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Bí ìyá kan bá gbé irú ọmọ yìí pọ̀n wọnú ọjà wa lónìí, kí la máa sọ? A mọ ohun tí a máa sọ. Àwọn kan á ní emèrè ni, àwọn kan á ní àjẹ́ kékeré ni, àwọn mìíràn á bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ nígbà tó wà nínú oyún. Ìyá ò jẹ nǹkan kan, bàbá náà ò ṣe nǹkan kan. Kì í sábà jẹ́ ohun àjogúnbá. Àṣìṣe ló wáyé fúnra rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dálẹ̀. Ní South Africa, nítòsí Pretoria, wọ́n bí ọmọbìnrin kan lọ́dún 1999 tó ní àrùn yìí, Ontlametse Phalatse lorúkọ rẹ̀. Ó lọ sílé ìwé, ó dúró níwájú èrò sọ̀rọ̀ láìtijú, gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tó máa pé ọmọ ọdún 18 lọ́dún 2017, Ààrẹ Jacob Zuma pàdé rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, nínú oṣù kẹrin ọdún yẹn, ló dágbére fáyé. Ọmọ dúdú bíi tiwa ni.

Ẹni tó jẹ́ kí ayé mọ ìdí àrùn náà, ìyá kan ni. Leslie Gordon lorúkọ rẹ̀, dókítà ni ní Amẹ́ríkà, dókítà náà ni ọkọ rẹ̀, Scott Berns. Lọ́dún 1998 ni wọ́n sọ fún wọn pé progeria ló ń ṣe Sam ọmọ wọn, tí kò tíì pé ọdún 2. Wọ́n wá ẹni tó ń ṣèwádìí lórí àrùn náà, wọ́n rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni kankan. Lọ́dún 1999, àwọn àti ẹbí wọn dá àjọ sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ń tọrọ owó, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àti awọ lára àwọn ọmọ tó ní in kí àwọn onímọ̀ lè rí ohun tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́. Ọdún 4 péré lẹ́yìn náà, lọ́dún 2003, ni wọ́n rí ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ló rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà lábẹ́ Francis Collins, èkejì ní ìlú Marseille nílẹ̀ Faransé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ìpàdé ẹgbẹ́ ò mú nǹkan kan wá, ẹ rí i bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n rí? A máa gbìyànjú láti sọ ọ́ bó ṣe yé wa. Ara ènìyàn kún fún àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni ìwé àṣẹ wà tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ ara, lẹ́tà inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 3. Nínú ọmọ tó ní progeria, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì. Ẹyọ kan! Ẹ bi àwọn télọ̀ wa bí ìyẹn ṣe lè ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí kò yẹ, tí ọ̀gá ò sì fura, orí ìlà yẹn ni àlùmọ́gàjí máa gbà, aṣọ á sì kúrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Lẹ́tà tó ṣì yẹn dà bí ìlà ṣọ́ọ̀kì èké, ara á tẹ̀ lé e, á gé pùròtéènì kan tó ń jẹ́ lamin A kúrú. Lamin A yìí ni òpó tó gbé àtíbàbà inú sẹ́ẹ̀lì ró. Èyí tó kúrú ni wọ́n sọ ní progerin. Kò lè gbé àtíbàbà ró, ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ògiri bíi gọ́ọ̀mù tí wọ́n gbàgbé láti nù kúrò. Ògiri á wú síhìn-ín, á tẹ̀ sọ́hùn-ún, sẹ́ẹ̀lì náà á sì gbó kíákíá.

Gọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n dojú kọ. Oògùn kan wà tí wọ́n ti ń dán wò fún jẹjẹrẹ, lonafarnib, tó máa ń dí i lọ́wọ́ kí gọ́ọ̀mù náà má lẹ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ 28 láti orílẹ̀-èdè 16 ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Boston. Sam wà lára wọn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti le bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lára àwọn kan, àwọn mìíràn sanra díẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà, ìṣirò ìgbà náà sì fi hàn pé ó fi nǹkan bí ọdún 2 àti ààbọ̀ kún ọjọ́ ayé wọn. Kò wo àrùn náà sàn. Sam fúnra rẹ̀ ti kú nínú oṣù kìíní ọdún 2014, ọmọ ọdún 17 ni. Lọ́dún 2021, David Liu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé àwọn tún lẹ́tà tó ṣì náà kọ nínú ara eku, àwọn eku tí ìbá lo nǹkan bí ọjọ́ 215 sì lo nǹkan bí ọjọ́ 510. Eku ṣì ni o. Ṣùgbọ́n inú ìyá rẹ̀ á dùn.

Àrùn mìíràn tó jọ ọ́, ti Werner, kì í bá ọmọdé. Otto Werner ará Jámánì ló kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1904. Ẹni tó ní in á dàgbà títí di ìgbà tó yẹ kó bàlágà, kò ní í ga mọ́. Ewú á bo orí rẹ̀ ní ogún ọdún ó lé, ẹyinjú á máa funfun kó má ríran dáadáa ní ọgbọ̀n ọdún ó lé, àtọ̀gbẹ á dé, egbò á jẹ ọrùn ẹsẹ̀ tí kò ní í jinná. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti rí i jù. Lọ́dún 1996 ni àwọn onímọ̀ ní Seattle rí jíìnì tó ń fà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa tí a ò ní àrùn kankan rèé. Lọ́dún 2006, Paola Scaffidi àti Tom Misteli, tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, wo sẹ́ẹ̀lì awọ àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n bá progerin níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó wà. Ìyẹn ni pé télọ̀ inú ara tiwa náà máa ń ṣi àlùmọ́gàjí fi gé nígbà mìíràn. Ohun tó ń sáré nínú ara àwọn ọmọ yẹn ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú tiwa.

Ogbó inú ara nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sá fún un. Èyí tó ń ti ìta wá ni tíṣà yẹn rí lójú alátà wa. Abẹ́ awọ wa ní okùn kan tó dì í mú kó má rọ̀, kó má hunjọ. Kọ́lájìn ni wọ́n ń pè é. Ẹ fojú inú wò ó bí okùn tí a fi so tapólì mọ́ òpó lórí ìsọ̀ wa. Ní ọdọọdún, nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 okùn yìí ló ń dín kù lára àgbàlagbà. Lára àwa obìnrin, bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lè lọ láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́. Oòrùn náà tún wá ń gé e. Gary Fisher àti John Voorhees ní Yunifásítì Michigan fi hàn lọ́dún 1996 àti 1997 pé oòrùn tí kò tilẹ̀ tó mú awọ pọ́n ti tó láti jí àwọn nǹkan tó ń gé kọ́lájìn dìde.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, ẹ gbọ́ ti awakọ̀ yìí. Lọ́dún 2012, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán bàbá ẹni ọdún 69 kan jáde. Ọdún 28 ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀gbẹ́ òsì ojú rẹ̀, níbi tí fèrèsé wà, ti nípọn, ó hunjọ, ó rọ̀ wálẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti tú ẹ̀wà inú rẹ̀ dànù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dán bíi ti àbúrò rẹ̀. Orí kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà! Gíláàsì fèrèsé lè dá ìtànṣán tó ń jó awọ dúró, ìyẹn UVB, ṣùgbọ́n UVA ń gbà á kọjá, ó sì ń wọ abẹ́ awọ lọ jìnnà. Gíláàsì nìyẹn o. Àwa tí a jókòó sídìí ata láti àárọ̀ dalẹ́ láìní fèrèsé ńkọ́?

Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀ lásán ṣá. Lọ́dún 1979, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà wọn bí oòrùn ṣe ń wọ awọ dúdú àti awọ funfun sí. Nínú UVB tó bá bà lé awọ òyìnbó, nǹkan bí ìdá 24 nínú 100 ló ń kọjá awọ òkè. Lára awọ dúdú, ìdá 7 ó lé díẹ̀ ni. Mélánìn ló ń ṣe é, ìyẹn aró tó mú wa dúdú. Agbòòrùn tí a bí mọ́ wa ni, a ò sì san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìdí rèé tí awọ dúdú fi sábà máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ju ti òyìnbó lọ kó tó hunjọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wọn nǹkan yìí ni Albert Kligman ti Philadelphia, a ò sì lè dárúkọ rẹ̀ ká kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Láti 1951 títí di 1974 ló ń dán ìpara àti oògùn wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Holmesburg, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ adúláwọ̀, fún owó táṣẹ́rẹ́. Ọdún 2022 ni ìjọba ìlú Philadelphia tó tọrọ àforíjì. Inú iṣẹ́ Kligman ni tretinoin ti jáde, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irorẹ́ lọ́dún 1971 àti fún ara híhunjọ lọ́dún 1995. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó kọ ọ́ fún ènìyàn, aláboyún ò sì gbọ́dọ̀ lò ó. Lọ́dún 1975, Kligman yìí kan náà po tretinoin mọ́ hydroquinone àti sítẹ́rọ́ìdì, láti fi mú awọ mọ́ sí i. Ìtọ́jú àbàwọ́n ara ni dókítà ń lò ó fún, fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn èròjà mẹ́ta yẹn ni ọ̀pọ̀ àdàlú tí wọ́n ń tà lọ́jà kún fún, láìsí dókítà, láìsí ọjọ́ tí wọ́n máa dá a dúró.

A mọ̀ pé àwọn kan máa ní àwọn ò bóra, pé ńṣe ni àwọn ń "tóònù". Orúkọ ò yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Hydroquinone ń dí aró mélánìn lọ́wọ́, ìyẹn ni pé a ń san owó láti ya agbòòrùn wa, a tún wá ń padà sínú oòrùn. Bó bá pẹ́, ó lè sọ ojú di àwọ̀ aró tó dúdú gidi, tí kì í ṣí bọ̀rọ̀. Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1975, lára àwọn obìnrin dúdú ní South Africa. Lọ́dún 1990 orílẹ̀-èdè náà fòfin dè é nínú ìpara oge. Ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ ìta ń pè é níhìn-ín: ojú Fanta, ẹsẹ̀ Coke.

Sítẹ́rọ́ìdì ló burú jù lójú tiwa, nítorí pé ó máa ń kọ́kọ́ dùn. Awọ á rọ̀, á tàn. Clobetasol tó wà nínú ọ̀pọ̀ túùbù pupa àti funfun yẹn, ìlànà rẹ̀ ni pé kí ènìyàn má lò ó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Àwa mọ ẹni tó ti lò ó láti ìgbà tí wọ́n ṣe ìkómọ ọmọ rẹ̀ títí ọmọ náà fi wọ yunifásítì. Sítẹ́rọ́ìdì máa ń dá ara dúró kó má ṣe kọ́lájìn, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan á yọ síta, ọgbẹ́ ò ní í tètè jinná. Ẹ padà sókè ẹ lọ ka ohun tí a kọ nípa awọ àwọn ọmọ progeria. Àìsàn ló fún wọn ní tiwọn. Ó tún lè wọnú ẹ̀jẹ̀ kó fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ láti bímọ, okùn tí dókítà fi ń rán an á máa fa awọ ya. Ti mákúrì ò gùn: ó ń ba kídìnrín jẹ́, ó sì ń dé ara ọmọ inú oyún. NAFDAC ti fòfin dè é nínú ìpara, wọ́n sì ní hydroquinone ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ.

Kí wá ni ká ṣe? Agbòòrùn ńlá lórí àtẹ, àti tapólì tí kò lu. Ká máa yí ìjókòó padà bí oòrùn ṣe ń yí, pàápàá láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Bùbá alápá gígùn, akẹtẹ̀ lórí gèlè. Òrí dára fún awọ tó gbẹ, ṣùgbọ́n kò lè dá oòrùn dúró, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ẹni tó bá ti ń bóra tipẹ́tipẹ́ kó má dá a dúró lójijì láìbá dókítà awọ sọ̀rọ̀, ara lè bínú. Ẹni tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò jinná, kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Kí a tó gbé ìwé yìí lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, a lọ fi ohun tí a kọ han ìlà àwọn onípara, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn náà, a ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Inú bí àwọn kan. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún, kà á dé ìsàlẹ̀, ó ká ìwé náà, ó ní, "Òótọ́ lẹ kọ. Àwìn ni mo fi kó ọjà yìí. Bí mo bá kó o dànù, ta ló máa bá mi san án?" A ò rí èsì fún un. Ìyálọ́jà ti ní kí ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀, kí onípara kọ̀ọ̀kan mú túùbù àti ike kan kan wá, kí àwọn ọmọ wa tó mọ̀wé ka ohun tó wà lára wọn sókè fún gbogbo wa láti gbọ́, ká wá mọ èyí tí ẹgbẹ́ máa bá wọn dá padà fún àwọn tó tà á fún wọn.

Alátà wa náà máa wà níbẹ̀. Ó ní ìpara tí òun rà ṣì wà nínú àpótí owó òun, òun ò tíì ṣí i.